Orúkọ Tó Kù ní Pẹ́ńsùlù

"Gbé ìwé òkè wá," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìsinmi gígùn ti dé, a ò sì tíì mọ ibi tí a ń lọ."

Ehoro dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò wọlé, kò jáde. Ọjọ́ náà ló ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn ní kíláàsì karùn-ún girama, aṣọ ilé-ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Láti oṣù mẹ́jọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ìwé náà. Ó ṣì wà níbi tí bàbá fi í sí, lórí pẹpẹ, láàárín agolo gọ́ọ̀mù àti àwọn ẹsẹ̀ onígi tó fi ń na bàtà. Eruku ti bò ó.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná."

"Ká fi í sílẹ̀ dìgbà wo? Oṣù mẹ́jọ ti tó. Awò ojú mi ti fọ́, ìwọ lo máa kà á sí mi létí."

Ehoro kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ló pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó mú un gun òkè, tí ọmọ náà sáré síwájú títí tó fi di pé igbe ni wọ́n fi ń wá a. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ṣòfin pé ẹni tó bá lọ́ra jù ni kó máa ṣíwájú, kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yíyá máa tẹ̀lé e. "Ẹni tó ń sáré lè gbàgbé ẹni tó ń rìn bọ̀ lẹ́yìn," ni ó máa ń wí, "ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú rẹ, o ò lè gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà, èmi ni kí n wà níwájú." Ehoro á sì máa ráhùn lẹ́yìn rẹ̀ títí wọn á fi dókè.

Aránbàtà ni bàbá yìí, yàrá iwájú ilé wọn sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé bàtà wá, kò ní tíì wo ojú onítọ̀hún, ìsàlẹ̀ bàtà ni yóò kọ́kọ́ yí sókè. Á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ òsì yín ń dùn yín," tàbí, "Ẹ ti ń gba inú ẹrẹ̀ kọjá." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló máa ń rí. Ìyá Ehoro, tó ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan lọ́nà ọjà, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá fẹ́ jalè, láìwọ bàtà ni òun máa lọ. Kò sí bàtà tó ń sùn pẹ̀lú ẹrẹ̀ nínú ilé yẹn. Bàbá ló ń fọ gbogbo wọn fúnra rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a ṣe é.

Òkè mẹ́sàn-án ló yí ìlú náà ká. Gbogbo Sátidé ìsinmi gígùn, bàbá àti ọmọ á gbé búrẹ́dì, ẹyin sísè àti ọsàn sínú àpò, wọn á lọ. Bàbá ló fún àwọn òkè náà lórúkọ bí ìrísí wọn ṣe rí: Apárí, tí igi kan kò sí lórí rẹ̀, Abuké, àti Má-Wẹ̀yìn, tó ga ju gbogbo wọn lọ, tí ojú ọ̀nà rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun, tí òòyì sì máa ń kọ́ ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn. Lórí òkè kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi òkúta tẹ agolo kan mọ́lẹ̀, ìwé àti bírò wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá débẹ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó dé. Bàbá ò fi ìyẹn ṣeré. Kí wọ́n tó kọ tiwọn, Ehoro gbọ́dọ̀ ka orúkọ àwọn tó ṣáájú wọn sókè ketekete, bí ẹni ń kí àlejò. Ẹni tó bá sì dé orí òkè tí kò kọ orúkọ, bàbá ní ńṣe ló kàn na ẹsẹ̀ lásán.

Ìwé òkè tiwọn wà nílé. Nígbà òjò, wọn á jókòó ti tábìlì iṣẹ́, wọn á fi pẹ́ńsùlù kọ àwọn òkè tí wọ́n máa gùn ní ìsinmi tó ń bọ̀. Èyí tí wọ́n bá gùn tán, bàbá á fi bírò tẹ̀ ẹ́, á sì kọ ohun tí ojú wọn rí síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún tó kọjá, mẹ́jọ ti di bírò. Ó ku Má-Wẹ̀yìn.

"Ọdún yìí ni, Ehoro," ni bàbá ń wí ṣáá. "Ọdún yìí ni ká gùn ún."

Ehoro rò pé ìwàǹwára lásán ni. Ó rí i pé èémí bàbá ti ń kúrú, pé agboòrùn ló ń fi ṣe ọ̀pá, pé oògùn ti ń pọ̀ nínú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó okùn bàtà sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi í, bàbá á ní, "Àgbà ń dé ni." Ó gbà á bẹ́ẹ̀.

Sátidé kẹta nínú ìsinmi ni wọ́n fi Má-Wẹ̀yìn sí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ọ̀rẹ́ Ehoro kan tí wọ́n ń pè ní Òpó nítorí gíga rẹ̀ dá a dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò.

"Sátidé yìí, Má-Wẹ̀yìn!" ni Òpó wí. "Àwa mẹ́rin. Mo ti yá fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Fọ́tò tá a máa yà lórí òkè yẹn, wọ́n máa gbọ́ nípa ẹ̀!"

"Èmi àti bàbá mi la jọ ń lọ ní Sátidé."

"Pẹ̀lú bàbá ẹ? Bàbá tó ń gbé agboòrùn gun òkè?" Òpó yí sí àwọn yòókù. "Mo rí wọn lọ́dún tó kọjá. Ṣẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rìn? Bí àwọn tó ń sìnkú!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ehoro náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tirẹ̀ yẹn ló dùn ún ju ọ̀rọ̀ Òpó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bàbá ti kó ẹyin sínú abọ́, ó sì ń fi epo pa bàtà Ehoro nígbà tí ọmọ náà wọlé.

"Bàbá, tíṣà ìṣirò ní ká wá sílé-ìwé lọ́la. Ẹ̀kọ́ àfikún ni. Wọ́n ní ó pọn dandan."

Bàbá fi aṣọ nu epo kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ìwé ló kọ́kọ́. Òkè ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ. A máa lọ ní Sátidé tó ń bọ̀." Ó gbé bàtà tirẹ̀ kúrò lórí àga, ó sì dá a padà sórí pẹpẹ. "Ara mi ì bá sì yá lọ́la, ṣá."

Ehoro gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó lọ sùn.

Ehoro àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun Má-Wẹ̀yìn ní ọjọ́ kejì. Oòrùn ràn, afẹ́fẹ́ tutù, wọ́n sáré débi tó ṣeé sá dé, wọ́n sì ya fọ́tò títí iná fóònù fi tán. Nítòsí orí òkè, òkúta wẹ́wẹ́ dúdú tó ń dán ló kún ojú ọ̀nà. Ehoro mọ òkúta náà, nítorí bàbá rẹ̀ máa ń fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ lábẹ́ bàtà àwọn oníbàárà tó bá gun òkè yẹn. Bàbá tilẹ̀ kó díẹ̀ sínú ìdérí ìgò kan ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n dókè, Òpó ṣí agolo, ó wo ìwé inú rẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ àwọn arúgbó," ó sì jù ú sílẹ̀. Ehoro ló gbé e. Kí orí rẹ̀ tó rò ó, ọwọ́ rẹ̀ ti kọ ọjọ́, ó sì ti kọ "Ehoro" síwájú rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án tó fi ń kọ ọ́ ti mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kó tó délé, ó yà síbi ẹ̀rọ omi ẹ̀bá títì, ó fọ bàtà rẹ̀ títí ó fi mọ́ fínnífínní. Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n tó dá.

"Ẹ̀kọ́ ńkọ́?" ni bàbá bi í.

"Ó dáa, Bàbá. Ìṣirò ṣáá ni."

Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "O ṣe é, o káre," ni ó wí, ó sì ní kó lọ jẹun.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, òjò ti rọ̀ mọ́jú, kùrukùru sì bo òkè. Ìyá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, bàbá kọ̀. Òun ló ṣíwájú, Ehoro tẹ̀lé e. Bó bá rìn ogún ìṣísẹ̀, á dúró lórí agboòrùn rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó di mẹ́wàá. Nígbà tó tún ṣe, ó di márùn-ún. Ní ìdajì ọ̀nà, ó jókòó lórí òkúta pẹlẹbẹ kan, ètè rẹ̀ ti dúdú.

"Ibi tí mo bá a dé nìyí," ni ó wí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ìwọ gùn ún. N ó dúró dè ọ́ níbí."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ orúkọ yín síbẹ̀."

"Rárá o! Ẹni tí kò débẹ̀, a kì í kọ orúkọ rẹ̀. Lọ kọ tìẹ. Ka orúkọ àwọn tó ṣáájú wa, kí o wá sọ fún mi."

Ehoro fi ẹkún gùn ún. Ó ṣí agolo, ó sì bá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, orúkọ tó kẹ́yìn nínú ìwé náà, pẹ̀lú ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Ó rò ó pé kí òun ya ojú ìwé náà, kò lè ṣe é. Ó kọ "Ehoro" lẹ́ẹ̀kejì, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Ta ló ṣáájú wa?" ni bàbá bèèrè. Ó ti wọ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó sì ń gbọ̀n.

"Ọkùnrin kan láti oṣù tó kọjá. Àti tọkọtaya kan."

"Kò sí ẹlòmíràn?"

Ehoro bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. "Kò sí, Bàbá."

Bàbá wò ó pẹ́. "Ó dáa," ni ó wí. "Fà mí dìde. Jẹ́ ká máa lọ kí òjò tó dé."

Kò gun òkè kankan mọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ tẹ̀lé pósí láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé itẹ́ òkú, Òpó wà láàárín èrò. Ojú òun àti Ehoro ṣe kòńgẹ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjèèjì sì wolẹ̀.

Ìwé yẹn ni ìyá ń bèèrè lónìí. Ehoro gbé e wálẹ̀, ó nu eruku rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀, ó sì jókòó ti tábìlì iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́.

"'Apárí. Ehoro sunkún nítorí pé ẹyin rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo fún un ní tèmi. Mo ní mi ò fẹ́ràn ẹyin.'"

"Irọ́ gbáà!" ni ìyá pariwo. "Ẹni tó lè jẹ mẹ́fà lórí ìjókòó!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. "Máa kà á lọ."

Ó ka Abuké, ó ka ọjọ́ tí ọ̀bọ jí àpò wọn gbé, ó ka ọjọ́ tí wọ́n ṣìnà. Ó wá ṣí ewé tó kẹ́yìn. Ó rò pé òun á bá a lófìfo. Bírò ló wà níbẹ̀, ìkọ̀wé bàbá, tó ti rọ̀, tó sì ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀ ni ọjọ́ Sátidé ẹ̀kọ́ àfikún.

Ehoro kà á sínú.

"Kí ló kọ síbẹ̀?" ni ìyá bèèrè.

"Kò sí nǹkan" ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rọrùn. Ìyá ò ní awò, kò ní mọ̀ láéláé. Ó rántí òkúta pẹlẹbẹ yẹn, ó rántí ojú bàbá tó ń wò ó. Ó di ìwé náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì kà á sókè.

"'Ehoro ti gun Má-Wẹ̀yìn lónìí. Kò sọ fún mi, bàtà ló sọ. Ó fọ bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i, ṣùgbọ́n òkúta dúdú méjì há sínú ojú rírán nísàlẹ̀. Ó dùn mí. Mi ò ní bá a wí, mo fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí a bá jọ lọ, n ó bi í pé ta ló ṣáájú wa.'"

Ìyá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"'Sátidé tó tẹ̀lé e. Mo bi í. Kò sọ. Bóyá ojú ló ń tì í. N ó dúró.'"

Ibẹ̀ ló parí sí. Ehoro gbórí lé tábìlì, ó sì sunkún bí kò ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú. Oṣù mẹ́ta gbáko ni bàbá fi dúró. Àárọ̀ àti alẹ́ ni Ehoro ń gbé oògùn fún un, tí ó ń jókòó ti ibùsùn rẹ̀, tí bàbá á sì wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ nǹkan. Òun á ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ omi?"

Nígbà tí ìyá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Dókítà ti sọ fún wa pé bí òjò àrọ̀kúrò bá fi lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òtútù rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò ní gba òkè mọ́. Sátidé yẹn ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ní kí n má sọ fún ẹ, kó má di pé ẹkún lo máa fi bá a gun òkè." Ó tọ́ka sí fèrèsé tó dojú kọ Má-Wẹ̀yìn. "Látàárọ̀ ọjọ́ náà ló ti jókòó síbẹ̀. Kò rán bàtà kan. Ó kàn ń wo òkè ni."

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Kì í ṣe èmi lo ṣẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tó o ṣẹ̀ ti lọ, mi ò sì lè bá a dárí jì ẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé kò dùn mí. Ó dùn mí." Ó fà á mọ́ra bó ti ń sọ ọ́. "Ṣùgbọ́n o kà á. Mi ò ní awò, o sì kà á. Ìyẹn ni bàbá ẹ ń dúró dè. Ṣé ó parí síbẹ̀?"

Ehoro ṣí ewé náà sẹ́yìn. Pẹ́ńsùlù ló wà níbẹ̀.

"'Ìsinmi tó ń bọ̀: Má-Wẹ̀yìn. Ehoro, Ìyá Ehoro, àti èmi, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Kí Ìyá Ehoro ṣíwájú.'"

"Èmi? Pẹ̀lú orúnkún mi yìí?" ni ìyá wí. "Bàbá Ehoro, ẹ ò ṣe mí ní rere o!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Lẹ́yìn náà ni ìyá ní kí Ehoro mú bàtà òun kan wá, kó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, bóyá ó lè gbé òun dé òkè.

Ehoro fi abẹ́rẹ́ àti òwú bàbá rẹ̀ tún bàtà náà rán. Ojú rírán náà wọ́, ṣùgbọ́n ó le. Ní Sátidé kẹta ìsinmi, ìyá ṣíwájú, ó ń bá orúnkún rẹ̀ jà ní gbogbo ọ̀nà, Ehoro tẹ̀lé e, kò sì ráhùn. Nígbà tí wọ́n dé ibi òkúta pẹlẹbẹ, Ehoro sọ pé ibẹ̀ ni bàbá ti jókòó dè òun. Ìyá jókòó lé e, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó dìde.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n dókè. Ehoro ṣí agolo, ó ka orúkọ sókè ketekete, kò fo ọ̀kankan. "Ehoro," ni ó kà. Ó tún ka "Ehoro."

"Ti bàbá ẹ ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀, Màmá."

"Bá a kọ ọ́ síbẹ̀ nísinsìnyí."

Ọwọ́ Ehoro fẹ́ kọ ọ́. Ó mi orí. "Bàbá ní ẹni tí kò débẹ̀, a kì í kọ orúkọ rẹ̀." Ó kọ ti ìyá rẹ̀, ó kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì pa ìwé náà dé.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Ehoro ò tilẹ̀ rìn jìnnà, alẹ́ ọjọ́ náà ni òtítọ́ bá a nísàlẹ̀ bàtà. Ohun tó pẹ́ ni ìjẹ́wọ́, ó sì pẹ́ ju ẹ̀mí ẹni tó ń dúró dè é lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má purọ́ nítorí ẹ̀rín ẹgbẹ́; bí ẹ bá sì ti purọ́, ẹ tètè sọ òtítọ́ nígbà tí ẹni tí ẹ purọ́ fún ṣì lè gbọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ehoro fọ bàtà méjèèjì, ó sì jókòó ti tábìlì iṣẹ́. Ó fi bírò tẹ "Má-Wẹ̀yìn". Ó tẹ "Ehoro", ó tẹ "Ìyá Ehoro". Nígbà tó dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti kọ "àti èmi", ó gbé bírò náà sókè, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní pẹ́ńsùlù.